Ewéko ti bo kòtò àwọn awakùsà n'Ìjerò, àmọ́ ta ló ń ka ohun tó ń hù níbẹ̀?

Ẹni tó bá ti ọ̀nà Iléṣà ń bọ̀, tó fẹ́ wọ Èkìtì, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ọ̀nà náà a máa lọ́ bí ejò, òkè lápá ọ̀tún, òkè lápá òsì, dírẹ́bà tó bá sì mọṣẹ́ kì í bá èrò ọkọ̀ tàkúrọ̀sọ títí tó fi máa kọjá ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ Ẹ̀fọ̀n nítorí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, torí ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí lẹ́yìn tó kú lọ́dún 1959, títí di òní làwọn èèyàn sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti gbàdúrà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún kọjá níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbójú sókè díẹ̀ kẹ́ ẹ wo orí àwọn òkè yẹn. Igbó wà nísàlẹ̀, ọ̀pẹ wà, kòkó wà, àmọ́ bí ojú bá ti ń gòkè ni igi ń dín kù, tó bá wá dókè téńté, koríko ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò wa nǹkan kan níbẹ̀ o. Òkúta funfun líle táwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní quartzite ló wà lábẹ́ rẹ̀, erùpẹ̀ tó bò ó ò nípọn, igi ńlá ò lè rí ibi ta gbòǹgbò sí. Koríko ibẹ̀ kì í ṣe àìsàn ilẹ̀ náà, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ṣì máa lò ó tá a bá dé Ìjerò.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé ṣé koríko náà ló wá di ìròyìn, nígbà tí ìyàn òṣèlú wà nílẹ̀ tí ìyà owó oúnjẹ sì wà níbẹ̀. Ẹ ṣáà máa bá mi ká lọ.

Tẹ́ ẹ bá kúrò l'Ẹ́fọ̀n, ẹ máa kan oríta kan tí wọ́n ń pè ní Ìtawurẹ. Ọ̀nà kan níbẹ̀ yà lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlú Fábùnmi, ọkùnrin tó bẹ́ orí ajẹ́lẹ̀ àwọn Ìbàdàn, tọ́rọ̀ fi di ogun Kírìjì tí wọ́n jà láti 1877 títí di 1893. Èkejì ló lọ sí Arámọkọ, níbi tí Alárá wà. Ẹni tó bá sún mọ́ àwọn babaláwo yóò ti gbọ́ orúkọ Alárá àti Ajerò pọ̀ nínú Ifá, bíi tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Bí ọ̀nà náà ṣe rí gan-an nìyẹn, torí téèyàn bá ti dé ọ̀dọ̀ Alárá, tó yà sápá àríwá, kì í pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ Ajerò. Ìkógòsì náà ò jìnnà síbẹ̀, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé ara wọn. Ọmọ Ìkógòsì náà ni Gómìnà Bíọ́dún Oyèbánjí, tó gbàjọba l'Ékìtì lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2022, nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé àwọn tó wà nípò ò mọ ọ̀nà tá à ń wí yìí.

Àwọn àgbẹ̀ agbègbè Arámọkọ la máa kọ́kọ́ bá dúró díẹ̀, torí wọn ò kàwé nípa ewéko, síbẹ̀ wọ́n ń ka ewéko bí ìwé. Àgbẹ̀ tó fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan ti sinmi tó, kò ní gbé erùpẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni fún àyẹ̀wò. Ohun tó hù níbẹ̀ ló máa wò. Bó bá bá ẹ̀kan níbẹ̀ tó pọ̀ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, á mọ̀ pé ilẹ̀ náà ti rẹ̀, tàbí pé iná ti ń sun ún lẹ́ẹ̀rùn lẹ́ẹ̀rùn, nítorí iná tó bá jó orí ẹ̀kan kì í rí gbòǹgbò rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Gbòǹgbò ẹ̀kan mú bí abẹ́rẹ́, ó máa ń gún iṣu já nínú ebè. Àmọ́ bó bá bá Akíntọ́lá níbẹ̀ tó ṣú dùdù, inú rẹ̀ á dùn, torí Akíntọ́lá máa ń bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀, ẹ̀kan ò sì fẹ́ràn ibòji. Àwọn kan tún ń pe ewéko kan náà ní ewé Awólówọ́, ó dá lórí ibi tí bàbá kálukú dìbò sí nígbà náà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ni igi yìí ti wá, kò tíì tó ọgọ́rùn-ún ọdún tó tàn kálẹ̀ lọ́dọ̀ wa, síbẹ̀ kò sọ́mọdé abúlé tí ò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń rún sójú ọgbẹ́ kẹ́jẹ̀ lè dá. Bí gbúre bá ń hù fúnra rẹ̀, ọ̀rinrin àti ọ̀rá ṣì wà nínú ilẹ̀ nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ gbégi ló lẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ọwọ́ ò rí i fà tu, ẹsẹ̀ àbí táyà ti tẹ ilẹ̀ náà pa. Ohun táwọn ọ̀mọ̀wé ń gba oyè lé lórí ní yunifásítì nìyí, àwọn bàbá wa ti ń lò ó tipẹ́.

Ìjerò wá dé. Ìlú ńlá ni, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ ni pẹ̀lú, àmọ́ ohun tó mú káwọn àlejò láti ọ̀nà jíjìn mọ orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀. Òkúta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pegmatite, tó la inú àwọn òkúta yòókù kọjá bí ọ̀rá ṣe ń la inú ẹran. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí tin, òun ni wọ́n fi ń lẹ wáyà rédíò, tí wọ́n sì fi ń bo inú agolo kó má dógùn-ún. Inú rẹ̀ náà ni columbite àti tantalite wà, pẹ̀lú tourmaline tí wọ́n ń fi ṣe òrùka àti ẹ̀gbà ọrùn. Feldspar ń bẹ níbẹ̀ fáwọn tó ń ṣe táìsì, kaolin tó funfun bí ẹfun náà ń bẹ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ òkúta láti Adó-Èkìtì, Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ ti kọ ìwé lórí òkúta Ìjerò débi pé, tí wọ́n bá kó o jọ, á kún àpótí. Níbẹ̀ kan náà lẹ máa rí òkúta kan tó ní àwọ̀ àlùkò, tó ń dán, tó ń ṣí lẹ́yọ lẹ́yọ bí ojú ìwé. Lepidolite lorúkọ rẹ̀. Láyé àtijọ́ kò sẹ́ni tó kà á sí, ṣùgbọ́n lithium wà nínú rẹ̀, lithium sì ni bátìrì fóònù tó wà lápò yín àti tàwọn mọ́tò tó ń lo iná mànàmáná ń jẹ.

Bí wọ́n ṣe ń wa á rọrùn láti ṣàlàyé. Wọ́n á kọ́kọ́ ká ilẹ̀ dúdú òkè kúrò, ìyẹn ilẹ̀ tí iṣu mọ̀. Wọ́n á dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á wá gbẹ́ ìsàlẹ̀, wọ́n á fọ òkúta náà, wọ́n á sì da iyanrìn àti ẹfun tó ṣẹ́ kù lé ilẹ̀ dúdú yẹn lórí. Tí wọ́n bá parí, ohun tó yẹ kó wà lókè ló wà nísàlẹ̀, èyí tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ ló bọ́ sókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ. Òjò á rọ̀, kòtò á kún fómi, làbẹ́làbẹ́ á hù sétí rẹ̀, òṣíbàtà náà á tẹ́wọ́ lórí omi, ẹni tí ò bá mọ̀ á rò pé adágún odò ni. Àwọn ìyá tó lọ́mọ nítòsí irú ibẹ̀ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pariwo mọ́ ọmọ wọn ní ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ mi gan-an bẹ̀rẹ̀ níbí. Téèyàn bá wà lórí ọ̀kadà tó ń kọjá létí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa, gbogbo rẹ̀ ni yóò tutù lójú ẹ̀. Á ní ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, ilẹ̀ náà ti padà bọ̀ sípò. Irọ́ lojú ń pa fún un. Kó sọ̀ kalẹ̀, kó fẹsẹ̀ rìn wọ inú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ewéko mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ló ṣú bolẹ̀ bẹ́ẹ̀: ẹ̀kan lórí òkìtì, eèsún níbi tómi ti ń rìn, jógbó olódòdó yẹ́lò létí ọ̀nà. Láàárín wọn, ojú ilẹ̀ funfun ṣì wà níhòòhò bí orí apárí. Ilẹ̀ àfisílẹ̀ tó wà lódìkejì ọ̀nà, tí katapílà ò dé rí, oríṣiríṣi ewéko ló máa wà níbẹ̀: eéran, yúnyún, patanmọ́, igi kéékèèké tó ń yọrí lọ́kọ̀ọ̀kan, ìtàkùn tó ń wá ohun tó máa gùn. Ilẹ̀ méjèèjì ni wọ́n tutù lójú, ọ̀kan pòkìkí, èkejì ń gbé.

Ìdí nìyí táwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi ojú lásán wò ó. Kíkà ni wọ́n ń kà á. Ẹ má jẹ́ kí n fi òyìnbó dààmú yín, bó ṣe ń lọ ò le rárá. Igi pẹlẹbẹ mẹ́rin ni wọ́n máa kàn pọ̀, bíi férémù fèrèsé, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á jẹ́ mítà kan. Wọ́n á na okùn gbọọrọ la ilẹ̀ náà já, wọ́n á sì máa gbé férémù yẹn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn náà, bóyá ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá. Gbogbo ohun tó bá hù sínú férémù ni wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á sì fojú díwọ̀n ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún tí ewéko kọ̀ọ̀kan bò, àti ìdá mélòó tó wà níhòòhò. Wọ́n á ri irin tàbí òkúta mọ́ ibi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kí wọ́n lè rí ojú ibẹ̀ gan-an lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n á ya fọ́tò níbẹ̀, kámẹ́rà á kọjú síbi kan náà lọ́dọọdún. Oṣù tí wọ́n bá sì lọ lọ́dún àkọ́kọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa lọ, torí ẹni tó lọ lóṣù kẹsàn-án lọ́dún yìí, tó tún lọ lóṣù kejì lọ́dún tó ń bọ̀, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ló lọ fi wéra, kì í ṣe ilẹ̀.

Wọ́n tún gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n á fi ṣe òṣùwọ̀n. Mo ní kẹ́ ẹ fi òkè Ẹ̀fọ̀n sọ́kàn, àbí? Ẹni tó bá fẹ́ tàn yín jẹ, á ní ẹ wo Ẹ̀fọ̀n, koríko ṣáà ló wà lórí ẹ̀, kí ló wá burú tí koríko bá wà lórí ilẹ̀ Ìjerò náà? Ohun tó burú ni pé ilẹ̀ Ìjerò táwọn èèyàn ti ń gbin iṣu àti kòkó ò fìgbà kankan jẹ́ òkè olókùúta. Oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò náà, tó wà lórí irú òkúta kan náà, tí òjò kan náà ń rọ̀ sí, òun la gbọ́dọ̀ fi wọn ilẹ̀ tí wọ́n wa. Bí oko yẹn bá ní oríṣi ewéko ogójì, tí ilẹ̀ kòtò sì ní mẹ́jọ, a ti mọ ibi tọ́rọ̀ dé. Bó bá di ọdún márùn-ún tí mẹ́jọ di méjìlélógún, ilẹ̀ náà ń rìn bọ̀ nílé. Bó bá dúró sórí mẹ́jọ, a jẹ́ pé nǹkan kan há a lọ́nà, kí wọ́n tètè wá ohun náà.

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ò sí lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú. N'Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n, iná sun igbó kan nínú ọgbà yunifásítì náà lọ́dún 1983. Àwọn olùkọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ewéko ibẹ̀ pààlà ilẹ̀ síbi tí iná jó àtibi tí kò jó, wọ́n sì ń padà lọ kà wọ́n. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá tíná ti jó ni wọ́n ṣì ń kọ̀wé lórí oríṣi igi tó ti padà wá àtèyí tí kò tíì rí ọ̀nà wá. Àwọn ọmọ wa ni wọ́n ṣe é, òjò ilẹ̀ wa ló rọ̀ sí i. Ohun tí wọ́n ṣe sí igbó tó jóná, kí ló dé tẹ́nìkan ò lè ṣe é sí ilẹ̀ tí wọ́n hú níkùn?

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá díẹ̀, ká lọ sí Jos, torí ẹ̀gbọ́n ni Jos jẹ́ fún Ìjerò nínú ọ̀rọ̀ tin. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900 làwọn òyìnbó ti ń hú ilẹ̀ ibẹ̀, nígbà tí wọ́n sì fi máa sinmi, ilẹ̀ tó bà jẹ́ ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà níbùú lóròó. Ìjọba gbìyànjú o, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n tẹ́ ilẹ̀ ibì kan, wọ́n sì gbin igi eucalyptus sí i, igi gíga tó ń run bí òróró tí wọ́n ń fi pa àyà ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn. Igi náà hù, ó rí bẹbẹ, wọ́n rí òpó àti igi ìdáná gbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba koríko ló ń hù lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Yunifásítì Jos àti ti Durham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ṣèwádìí níbẹ̀ láwọn ọdún 1980 sí 1990, ohun tó wú wọn lórí ju igi ìjọba lọ ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbẹ̀. Àwọn tó ń dáko lẹ́ẹ̀rùn ti lọ sétí kòtò táwọn awakùsà fi sílẹ̀, wọ́n ń fa omi inú rẹ̀, wọ́n ń kó eérú láti orí ààtàn ìgboro dà sílẹ̀ yẹn, wọ́n ń fi ìgbẹ́ màlúù sí i, wọ́n sì ń rí tòmátì àti ata kórè lórí iyanrìn táwọn kan ti ní kò lè mú nǹkan jáde mọ́. Èmi ò sọ pé kí gbogbo èèyàn lọ da ààtàn sóko o. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ló mọ bó ṣe ń rìn.

Ohun tí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣaláìní ni nitrogen, oúnjẹ tó ń mú kí ewé tutù. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Cornwall, wọ́n ń wa kaolin, irú ẹfun tó wà n'Ìjerò gan-an, òkìtì iyanrìn funfun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ga bí òkè. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Liverpool, Anthony Bradshaw, pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, ka ewéko ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n rí i pé téèyàn bá fọ́n irúgbìn koríko sí i, tó sì da ajílẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan péré, koríko á hù, àwòrán á dára fún ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n láàárín ọdún mélòó kan á tún rọ, torí oúnjẹ rẹ̀ ti tán. Àfi tí wọ́n bá gbin irú ewéko tó bá ẹ̀wà tan mọ́ ọn, tó ń fa nitrogen látinú afẹ́fẹ́ sínú ilẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: bó bá jẹ́ pé ọdún àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n lọ wo koríko yẹn, wọn ì bá ti ṣe àpèjẹ. Ọdún kẹta, ìkẹrin, ló jẹ́ kí wọ́n mọ òótọ́. Inú ọ̀kan nínú àwọn kòtò kaolin Cornwall yẹn ni wọ́n kọ́ Eden Project sí lọ́dún 2001, ilé ràgàjì tí wọ́n gbin ewéko oríṣiríṣi sí, owó làwọn èèyàn sì ń san kí wọ́n tó wọlé. Àwa ní Ìkógòsì, ẹ jẹ́ ká fìyẹn ṣe tiwa ná.

Bradshaw kan náà ló ti kọ́kọ́ ṣàwárí nǹkan mìíràn ní Wales láwọn ọdún 1950, ìyẹn sì ló ń bà mí lẹ́rù. Ó rí koríko tó ń hù lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti wa òjé, ilẹ̀ tó lè pa koríko mìíràn. Koríko ọ̀hún ti kọ́ bó ṣe máa fara da májèlé náà. Ìyẹn ni pé ewé tútù ò fi hàn pé ilẹ̀ mọ́. Ewúrẹ́ ò mọ̀yẹn, ìyá tó ń já ẹ̀fọ́ létí kòtò náà ò lè fojú rí i. Èmi ò ní òjé wà nílẹ̀ Ìjerò bíi ti Wales o, òkúta wọn yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara lọ́dún 2010, nígbà tí òjé tó wà nínú òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní irínwó. Ilẹ̀ àgbàlá táwọn ọmọ yẹn ń ṣeré lórí rẹ̀, kò yàtọ̀ lójú sí ilẹ̀ mìíràn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ka ewéko Ìjerò, kó bu erùpẹ̀ àti ewé díẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò pẹ̀lú.

Báwo làwọn tó gbọ́n ṣe ń mú awakùsà dúró de koríko? Owó ni. Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ, ọdún 1977 ni Ààrẹ Jimmy Carter buwọ́ lu òfin kan l'Ámẹ́ríkà lórí àwọn tó ń wa èédú. Kí ilé iṣẹ́ tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀, á ti fi owó ìdúró sílẹ̀. Bó bá wà á tán, tó tún ilẹ̀ ṣe, tó gbin ewéko, wọn kì í dá owó náà padà fún un lọ́jọ́ náà. Níbi tí òjò ti ń rọ̀ ju milimita 660 lọ lọ́dún, ọdún márùn-ún ni wọ́n á fi máa wò ó lẹ́yìn ìgbà tó gbin nǹkan kẹ́yìn. Níbi tí òjò ò bá tó bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́wàá gbáko. Bí koríko ò bá dúró, owó ò jáde. Òjò ọ̀dọ̀ wa ní Èkìtì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye yẹn, ọdún márùn-ún ni tiwa ì bá jẹ́. Ti àwọn kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ kí òfin tó dé ńkọ́, tí ẹni tó gbẹ́ wọn ti kú tàbí tó ti sá lọ? Gbogbo tọ́ọ̀nù èédú tí wọ́n bá wà jáde ni wọ́n ń bu owó díẹ̀ lé, owó yẹn ni wọ́n fi ń tún àwọn kòtò aláìníbaba ṣe.

Àwa náà lófin o. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 wà, ó ní kí ẹni tó bá gbàwé àṣẹ tún ilẹ̀ ṣe, ó dá àpò owó sílẹ̀ fún ìtọ́jú àyíká àti àtúnṣe ilẹ̀, ó ní kí ilé iṣẹ́ bá àwọn ará ìlú ṣàdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, bí ìwé òfin 1999 ṣe wí, gómìnà ò ní in, ọba ò ní in. Mínísítà tó ń mójú tó o sì ti jẹ́ ọmọ Èkìtì lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́wàá. Káyọ̀dé Fáyẹmí ṣe é láti oṣù kọkànlá, ọdún 2015, títí di oṣù karùn-ún, ọdún 2018. Délé Alákẹ́ sì gbà á lóṣù kẹjọ, ọdún 2023, òun ló dá àwọn ẹ̀ṣọ́ awakùsà sílẹ̀ lóṣù kẹta, ọdún 2024, kí wọ́n máa lé àwọn tó ń wà á láìgbàwé àṣẹ. Ẹ̀ṣọ́ dára, ṣùgbọ́n ìbọn kì í ka koríko. Òfin sọ pé kí wọ́n tún ilẹ̀ ṣe, àmọ́ ẹni tó máa padà lọ lọ́dún kìíní, ìkejì, ìkarùn-ún, pẹ̀lú férémù àti bíró, láti sọ pé ó ti tó tàbí kò tíì tó, òun ni ẹnikẹ́ni ò tíì fi hàn wá lójú oko.

Ọ̀rọ̀ lithium ló wá jẹ́ kó di kánjúkánjú. Láti bí ọdún 2022 ni wọ́n ti ń wá òkúta àlùkò yẹn kiri gbogbo ilẹ̀ wa, dígà àti ṣọ́bìrì ti padà sórí ilẹ̀ táwọn kan rò pé ó ti sinmi. Òkìtì tí ewéko bẹ̀rẹ̀ sí í bò díẹ̀díẹ̀, wọ́n lè tún hú u lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bí kò bá sì sí àkọsílẹ̀ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ tó bá dé lọ́la lè sọ pé bóun ṣe bá a nìyẹn, ta ló máa bá a jiyàn? Olóko tó bá ní fọ́tò ọdún mẹ́ta àti ìwé tí wọ́n kọ orúkọ ewéko sí, òun nìkan ló ní ẹ̀rí.

Kò sì gba owó ńlá. Igi férémù ò ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ lọ́wọ́ káfíńtà. Fóònù tó ń ya fọ́tò, tó sì ń kọ ọjọ́ sí i, wà lọ́wọ́ gbogbo ọmọ iléèwé gíga. Kí wọ́n mú àgbàlagbà àgbẹ̀ kan dání, ẹni tó máa pe ewéko lórúkọ, kí ọmọ yunifásítì sì kọ orúkọ òyìnbó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí iná bá jó ibẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ bí màlúù bá jẹ ibẹ̀, torí pé Gómìnà Fáyòṣé ti buwọ́ lu òfin ìfẹranjẹko l'Ékìtì lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 2016, ò sọ pé gbogbo màlúù ló mọ̀ ọ́n kà. Kí wọ́n fi ọgbà yí ibì kékeré kan ká, kí wọ́n sì fi ibì kan sílẹ̀ láìní ọgbà, wọ́n á rí ìyàtọ̀ láàárín ọdún méjì.

Ìparí òjò ló dáa jù láti bẹ̀rẹ̀, láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, nígbà tí koríko bá ti tanná, tí wọn ò sì ní máa fi ọ̀kan pe èkejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọyẹ́ á dé, ẹnìkan á ṣáná sí ẹ̀kan nítorí òkété, orí òkìtì á dúdú. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá wá rọ̀ lóṣù kẹta, ẹ̀kan náà ni yóò kọ́kọ́ yọ orí láàárín eérú, kí àwọn yòókù tó jí. Kí wọ́n ka ìyẹn náà.